Ohun Tí Mo Kà sí Ìpàkọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Ẹ̀gbọ́n mi. Ojú òsì ni. Tọ̀tún ti bàjẹ́ tipẹ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń dá mọ̀. Dókítà ní awọ ẹ̀yìn ẹyinjú ló ṣí kúrò láyè rẹ̀, òun sì ti fi afẹ́fẹ́ sínú ojú náà láti tì í padà. Kí afẹ́fẹ́ yìí má baà sá kúrò níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ì báà máa jẹun, ì báà máa sùn, ilẹ̀ ni kó máa wò. Bí awọ náà bá lẹ̀, á tún ríran. Bí kò bá lẹ̀, ó parí. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ó ní "ó parí," bí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé búrẹ́dì ti tán. Mo wo ìwé òògùn tó kọ fún wa, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ìkọ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Mo ti kó wá sílé Ẹ̀gbọ́n mi títí oṣù yóò fi parí. Yàrá ìránṣọ rẹ̀ la tẹ́ ẹ sí nítorí fèrèsé ibẹ̀ tóbi. A fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ, a sún àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má ṣí àpótí náà. Àkọ́bí rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ti gé ihò sórí bẹ́ńṣì gígùn kan, ó fi fóòmù yí i ká, inú ihò yẹn ni Ẹ̀gbọ́n mi ń ki ojú bọ̀. Mo yẹ iṣẹ́ náà wò lókè nísàlẹ̀, mi ò rí àléébù kankan. Ó dùn mí díẹ̀.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tó pa láti inú ihò ni pé, "Tíṣà, o ó máa kàwé fún mi. Iṣẹ́ rẹ ṣáà ni." Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti fẹ̀yìn tì nípò ọ̀gá ilé ìwé. Ó ṣì ń pè mí ní Tíṣà, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá ó fi ń yẹ́ mi sí ni àbí ó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mo lọ yá ìwé ní ilé ìkàwé tó wà ní òpópónà kejì. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ni mo sọ ní Mo-ti-kà-á. Ìwé yòówù kéèyàn mú, á ní, "Mo ti kà á, Mà, ó dùn gan-an ni." Mo fa ìwé kan yọ tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ó ti kà á. Ó dùn gan-an ni.

Ìwé mẹ́fà ni mo kó bọ̀. Márùn-ún ni mo fọwọ́ ara mi mú. Ìkẹfà, Ẹ̀gbọ́n mi ló dárúkọ rẹ̀: *Opó Ilé Alájà Mẹ́ta*, ojú ìwé irinwó ó lé méjìlá. Àwòrán obìnrin kan wà níwájú rẹ̀ tó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú tí kò tutù. Mo ní kí ló rí nínú irú ìwé yìí. Ó ní òun fẹ́ ẹ ni.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń kọ ìdájọ́ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ gbogbo ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe fún ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí oṣù yìí má baà lọ lásán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ìwé kìíní: *Jí, Dìde, Là*. Ẹni tó kọ ọ́ gbé àwòrán ara rẹ̀ síwájú ìwé, ó tún gbé e sẹ́yìn, kóòtù kan náà ló wọ̀ nínú méjèèjì. Ó ní ká máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń jí ní aago mẹ́rin, ẹ wá wo bí mo ti là tó. Ó ní ká máa sọ fún dígí lárààárọ̀ pé a dára. Mo ka ibẹ̀ síta, Ẹ̀gbọ́n mi ní dígí wo lòun fẹ́ bá sọ ọ́, ṣé simẹ́ńtì ilẹ̀ yìí ni. Ọ̀sán kan la fi kà á tán, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ nígbà ọgọ́rùn-ún.

Ìdájọ́: Ọmọ yìí ń pariwo ní kíláàsì, kò sì mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Òògùn ojú ti gbówó lórí láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó ń tà á sọ pé ọkọ̀ ojú omi ló fà á. Gbogbo nǹkan ni ọkọ̀ ojú omi ń fà.

A bẹ̀rẹ̀ *Opó*. Kí Ọlọ́run gbà wá. Opó kan ń gbé ilé alájà mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ọkùnrin méjì ń fẹ́ ẹ. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, èèyàn jẹ́jẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìkejì jẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ tó ń kó iyanrìn. Aláròyé ni. Kò lè béèrè omi mímu kó má fi ojú ìwé méjì ṣe é. Ó pe opó ní ìràwọ̀, ó pè é ní orísun, ó pè é ní àtùpà, gbogbo rẹ̀ lórí ìjókòó kan. Opó náà sì ń sunkún. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn, á sunkún. Bó bá tì í, á sunkún. Mi ò mọ ibi tó ti ń rí omi.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́, ó ń gbọ́. Mi ò lè sọ bóyá ó ń gbádùn ẹ̀ ni àbí ó ti sùn, torí ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Irun ibẹ̀ ti funfun tán, èmi ò sì mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo fo ojú ìwé mẹ́rin. Kọ́ńtírákítọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí òṣùpá, mo bá ṣí i kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan.

Kì í ṣe òní ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún un. Kò lọ sílé ìwé kí n lè lọ. Òun ń ránṣọ, èmi ń kọ́ a-b-d. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà tán ni mo di akọ̀wé rẹ̀. Lẹ́tà ni o, rìsíìtì ni o, ìwé onílé ni o, èmi ni mò ń kà á. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló sọ pé òun fẹ́ lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe, ṣé èmi ò sí mọ́ ni. Ó ní òun ní nǹkan kan tí òun fẹ́ kà. Ọdún méjì ló fi kọ́ ọ, pẹ̀lú ìka lórí ìlà. Nígbà tó parí, oṣù mẹ́ta ni kò fi yà lọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé ìwé ló ń gùn ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọrùn ń ro ó, apá ń ro ó. Mo fi òróró pa á fún un. Ó bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé. Mo ní onígbàjámọ̀ ọ̀ọ́kán ń fá orí ẹnì kan, ó sì ń fá a ní ìfákúfàá.

Ká lè sinmi lọ́wọ́ opó, a ka ìwé kejì: *Ìgbésí Ayé Mi, Apá Kìíní*, tí ẹnì kan tó ti jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba kọ. Ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún. Nígbà tí ìwé fi máa parí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje ni. Gbogbo ohun tó jẹ nígbà tó ń hu eyín ló rántí. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá apá kejì wà. Mo ní bó bá wà, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká pàdé rẹ̀.

Ìdájọ́: Ọmọ yìí fẹ́ràn ara rẹ̀ jù. Kí àwọn òbí rẹ̀ wá rí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti pa kọ́ńtírákítọ̀.

Mi ò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mò ń kà á lọ jẹ́ẹ́. Lójú ìwé ọgọ́jọ, ó kúnlẹ̀ síwájú opó níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kan, ó ní, "Ìwọ tí í ṣe…", mo wá wò ó pé ọ̀rọ̀ náà kò ní tán títí dé ojú ìwé ọgọ́jọ ó lé mẹ́ta. Ooru ń mú, fáànù ò ṣiṣẹ́, ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ. Ni ẹnu mi bá sọ fúnra rẹ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni awakọ̀ rẹ̀ fi ọkọ̀ sẹ́yìn, tí gbogbo iyanrìn inú ọkọ̀ dà lé e lórí. Iyanrìn tirẹ̀. Ó kú láìparí gbólóhùn náà.

Ẹ̀gbọ́n mi di bẹ́ńṣì mú. Ó wá ní, "Iyanrìn?" Mo ní iyanrìn ni wọ́n kọ síbí. Ó ní, "Háà. Ó mà ṣe o." Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kó má sunkún nítorí ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Òkú ọkùnrin yìí ò fẹ́ sinmi. Mo ka ìwé náà síwájú láàárọ̀, ó wà lójú ìwé gbogbo. Òun gan-an ni opó fẹ́ níkẹyìn, wọ́n sì fi ogún ojú ìwé ṣe ìgbéyàwó. Mo ní láti ra ìwé ìkọ̀wé ọlọ́gọ́ta ewé. Iye tí wọ́n ń tà á báyìí, odidi páálí la fi ń rà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀, nígbà tí káfíńtà bá ń fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ, mo máa ń kọ ohun tí n ó kà lọ́sàn-án, n ó fi sáàárín *Opó*, n ó sì kà á láti ibẹ̀.

Kí n má tan ara mi, tèmi dára ju ti òǹkọ̀wé yẹn lọ. Opó tèmi kì í sunkún ju bó ti yẹ. Ó fi yàrá ìsàlẹ̀ gba ayálégbé, ó ń bá olùkọ́ ìṣirò jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dùn. Kí ni òǹkọ̀wé fi irinwó ojú ìwé ṣe? Ẹkún àti òṣùpá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò láti àárọ̀. Ó ń lu páànù débi pé mò ń pariwo bí ẹni tó ń bá gbogbo ilé ìwé sọ̀rọ̀ ní pápá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n padà síbi ìsìnkú kọ́ńtírákítọ̀, òun fẹ́ràn ibẹ̀. Kí n tó ra ìwé ìkọ̀wé ni mo ti ṣe ìsìnkú yẹn, ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Mo tún un sọ bí mo ṣe rántí. Ó ní, "Lọ́jọ́sí, ṣebí àbúrò rẹ̀ ló gbé iwájú pósí. Báwo ló ṣe di ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní ojú mi ló ṣì í kà. Ó ní ojú ń dani lóòótọ́, kí n wo tòun. Òógùn bò mí nínú òtútù òjò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìwé kẹta: ewì. Ọ̀dọ́ kan ló kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ń fi sórí ìlà kan: *Mo*, ó sọ̀kalẹ̀, *dìde*, ó sọ̀kalẹ̀, *òjò*. Ìyókù ojú ìwé funfun gbòò, bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ bébà. Mo kà á tán kí tíì tí Ẹ̀gbọ́n mi ń fi sítíróò fà tó tutù. Ó ní òun fẹ́ràn *òjò* yẹn.

Ìdájọ́: Kó parí iṣẹ́ kó tó fi sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo-ti-kà-á wá kí aláìsàn. Ó mú ọsàn mẹ́ta wá, ó sì jẹ méjì níbẹ̀. Bó ṣe rí ìwé lórí tábìlì ló ní, "Ẹ ń ka *Opó*, Mà. Mo ti kà á, ó dùn gan-an ni." Bó bá ti kà á lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló máa kọ́kọ́ sọ, àṣírí mi á sì tú lójú ẹsẹ̀. Mo yára bi í kó tó tún la ẹnu, mo ní báwo ni ìsìnkú kọ́ńtírákítọ̀ ṣe rí lára rẹ̀.

Ó fọwọ́ di àyà mú. "Mà, ibẹ̀ pa mí lẹ́kún. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà."

Ìsìnkú tí kò sí níbì kankan láyé yìí àfi lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti inú ihò béèrè pé iyanrìn yẹn ńkọ́. Ọmọ náà ní iyanrìn yẹn gan-an ló dun òun jù. Ni bẹ́ńṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ọmọ tí kò ka ìwé kankan rí, òun ni wọ́n fi odidi ilé ìkàwé lé lọ́wọ́. Ó ń purọ́, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀. Mo gàn án látọkànwá títí ó fi jáde, kó tó wá yé mi pé mi ò lẹ́nu níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìwé kẹrin: ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí wọ́n ní kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kì í rí. Mo mọ apànìyàn náà lójú ìwé kọkànlá: ọ̀gbẹ́ni tó ń se oúnjẹ ni. Ọlọ́pàá yìí jẹ oúnjẹ rẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá kó tó fura.

Ìdájọ́: Kì í fetí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé la máa padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ojú yìí bá là, *Opó* ni ìwé àkọ́kọ́ tí òun máa kà, fúnra òun, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù ìwé kọ́. Bó bá mọ̀ pé mo lè jókòó tì í nígbà tí kò ríran, kí n máa purọ́ fún un lọ́sàn-án gangan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò àwọn ìgbà tó ti kọjá. Ìgbà kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kó dé. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ mí láti kékeré, bí mo bá sọ ọ́ nù, mi ò ní ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan gba ọkàn mi kọjá nípa ojú yẹn tí mi ò ní kọ síbí. Kíá ló kọjá, àmọ́ ó gba ibẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ogún

Mo fi ìborùn wé *Opó*, mo gbé e lọ sí ilé ìkàwé kí n lè sọ pé wọ́n gbà á padà. Wọ́n ti ibẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé wọ́n ń ka iye ìwé tó wà nílẹ̀. Mo dúró sójú ọ̀nà bí ọmọ tó fẹ́ gbé èsì ìdánwò rẹ̀ pamọ́, ọ̀gá ilé ìwé tẹ́lẹ̀ rí, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Mo gbé e padà bọ̀ wálé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Ó lẹ̀! Awọ náà lẹ̀. Dókítà na ìka mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n mi ní mẹ́ta. Ó na méjì, Ẹ̀gbọ́n mi ní méjì, ó sì ní kó lọ gé èékánná rẹ̀. Mo sunkún ju opó lọ. Mo ní kí dókítà má bínú sí ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé tí mo sọ lọ́jọ́sí. Ó ní òun ò rántí. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ kàwé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àmọ́ ó lè jókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi rí ojú rẹ̀. Ó wú, àmì fóòmù ṣì wà níwájú orí. Ó ní kí n gbé *Opó* wá. Mo rán an létí ọ̀rọ̀ dókítà. Ó ní òun gbọ́, kí n ṣáà gbé e wá. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ ìdápadà sí, ó ní kí n kà á. Òǹtẹ̀ mẹ́jọ tẹ̀ léra ṣáájú tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó parí sóṣù tó kọjá. Kí ni mo ń wò láti ọjọ́ yìí?

Òun ló yá a nígbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Oṣù mẹ́rin ló fi kà á pẹ̀lú ìka lórí ìlà, ó sì kà á tán nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ojú tó bàjẹ́. Ó dùn mọ́ ọn ni, ó fẹ́ tún un gbọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dá mi dúró. Ó ní iyanrìn yẹn pa òun lẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀rù ń ba òun kí afẹ́fẹ́ inú ojú má jáde. Ó ní òun sì ti mọ̀ pé tíṣà ni opó tèmi máa fẹ́, ṣebí tíṣà ló ń kà á.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bó o bá ń ka òótọ́, o máa ń kọsẹ̀," ó ní. "Bó o bá ti ń purọ́, ńṣe ló máa ń dán. Láti kékeré ni."

Mo ní láti kékeré wo. Ó ní kí n lọ po tíì wá.

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìpàkọ́ rẹ̀ tí mo rò pé èmi ni mò ń wò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìwé karùn-ún: *Sísin Oyin fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀*. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fo nǹkan kan. Mi ò fo nǹkan kan. Mo ka àwòrán, mo ka àtẹ, mo ka àdírẹ́sì ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Òǹkọ̀wé sọ pé oyin máa ń tani, ó sọ ibi tó ti máa ń tani jù àti ohun tí a fi ń pa ojú ibẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́: Ó dára. Mi ò rí nǹkan kan bá a wí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò. Káfíńtà ti lọ sílé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fa àpótí abẹ́rẹ́ òun jáde, kí n wo abẹ́ òwú. Àpò ìwé kan wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án.

"Ojú mi ò tíì lè kà á," ó ní. "Bá mi kà á. Bó ṣe wà."

Ọkùnrin kan wà tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Ó gbé òpópónà wa fún ọdún kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́ tó jìnnà, ó kọ lẹ́tà, èmi ni Ẹ̀gbọ́n mi gbé e fún. Ojú ìwé kìíní sọ pé ó ti rí ilé, kó máa bọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo rò: bó bá lọ, ta ni yóò máa ránṣọ fún owó ilé ìwé mi? Mo gbójú sókè, mo ní ó kọ̀wé pé òun ti fẹ́yàwó lọ́hùn-ún, kó má dúró de òun mọ́. Ó dán. Ẹ̀gbọ́n mi gba lẹ́tà náà, ó ká a, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó yá, ó fẹ́ bàbá káfíńtà, gbogbo wa la sì mọ irú ilé tó gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn.

Lẹ́tà yìí ló tìtorí rẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àgbà. Ó ti kà á láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ni mi ò tíì kà á. Ojú ìwé kìíní ni mo kà lọ́jọ́ yẹn, mi ò ṣí èkejì wò rí.

Mo ka ojú ìwé kìíní. Mo kọsẹ̀ níbi gbogbo. Ètè Ẹ̀gbọ́n mi ń jì, ó ń bá mi kà á lọ láìwo ìwé. Mo ṣí èkejì. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Mú àbúrò rẹ dání. Mo mọ̀ pé o ò ní fi í sílẹ̀, èmi náà ò sì ní kó o fi í sílẹ̀. Ilé ìwé kan wà níbí, ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ilé. Mo ti bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà á. Sọ fún un pé yàrá tirẹ̀ ní fèrèsé."

Mo gbé lẹ́tà náà sórí itan mi. Ó ní kí n ka ìyókù. Ìyókù kò ju ìkíni àti orúkọ rẹ̀ lọ. Mo kà á. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń sọ pé ẹ dákun, ẹ dákun, mi ò mọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ títí ó fi tán lẹ́nu mi.

"O ò mọ̀ lóòótọ́," ó ní. "Torí o ò kà á dópin. Èyí tó o kà fún mi lọ́jọ́ náà ni mo bá gbé gbogbo ayé mi. Mo fẹ́ kí èmi náà gbọ́ èyí tó kọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́nu rẹ."

Ó ní kí n dìde, kí n ti fèrèsé, omi ti ń wọlé sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Mo dá ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. Mo-ti-kà-á bi mí pé ṣé mo gbádùn wọn. Mo ní mo ti kà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀, lórí tíì àti lórí òjò. Kò pè mí ní Tíṣà láti ọjọ́ Àìkú.

Ìdájọ́ tó kù.

Ìwé kẹfà, *Opó*: Aláròyé ni òǹkọ̀wé, àmọ́ kò pa ẹnikẹ́ni tí kò yẹ kó kú.

Ìwé keje, lẹ́tà kan, ojú ìwé méjì: Òǹkọ̀wé mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó sì ro ti gbogbo èèyàn mọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Òǹkàwé fìdí rẹmi.